Ẹ Má Ṣẹ́ Ẹ: Bàbá Ítálì àti Sìpàgẹ́tì Rẹ̀

Ọdún tí omi odò Ògùn ya wọ Ajégúnlẹ̀, lápá Òwòdè Onírin, ni gbogbo Ìkòsì tó mọ irú ènìyàn tí Bàbá Ítálì jẹ́. Wọ́n kó àwọn tí omi lé kúrò nílé wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹrù wọn wà lẹ́sẹ̀ ògiri nínú àpò àti báàfù, àwọn ọmọdé ń sunkún, àwọn àgbà ń wolẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ti kó oúnjẹ jọ láti ilé wọn, wọ́n sì ti gbé ìkòkò ńlá mẹ́ta kaná. Adéníkẹ́, olórí wọn, fa ọ̀rá sìpàgẹ́tì kan ya, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó gbé e sórí orúnkún láti ṣẹ́ ẹ sí méjì, bí gbogbo abiyamọ Èkó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí sìpàgẹ́tì ti dé ìlú yìí.

"Ẹ má ṣẹ́ ẹ!"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Ènìyàn mẹ́rin fò sórí bẹ́ǹṣì. Adéníkẹ́ ju sìpàgẹ́tì sílẹ̀, ó gbá ìró rẹ̀ mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ejò ni?"

"Ó burú ju ejò lọ," ni bàbá arúgbó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ejò ń wá oúnjẹ tiẹ̀ ni. Kí ni sìpàgẹ́tì yìí ṣe fún yín?"

Adéníkẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń gba ìranù. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn yìí ò tíì jẹun gidi láti àná. Omi ti gbé ilé wọn. Ọ̀rọ̀ sìpàgẹ́tì lẹ wá ń sọ?"

"Torí pé omi gbé ilé wọn náà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ló ti fọ́ tán. Ṣé oúnjẹ tí ẹ máa gbé fún wọn náà gbọ́dọ̀ ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni?"

Wọ́n fi ìkòkò lé bàbá náà lọ́wọ́ kí ó lè panu mọ́. Ó bèèrè ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní sádíìnì inú agolo wà, ààyù wà, ata gígún wà, òróró àti iyọ̀ wà, búrẹ́dì kan náà sì wà tó ti gbẹ débi pé ọmọdé pàápàá kò fẹ́ ẹ.

"Ó ti pé," ni Bàbá wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí omi yóò fi hó. Omi ìkòkò ńlá mẹ́ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí iná. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti bi í pé oúnjẹ dà, yóò na aago pupa kékeré kan sókè, yóò ní, "A ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó da sìpàgẹ́tì gígùn sínú omi tó ti fi iyọ̀ sí dáadáa. Ó gé ààyù wẹ́wẹ́ sínú òróró lórí iná jẹ́jẹ́, ó wọ́n ata gígún sí i, ó da sádíìnì lé e, ó ń fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ọ̀kan náà pẹ̀lú òróró. Ó bu díẹ̀ nínú omi tí sìpàgẹ́tì fi ń hó, omi tí gbogbo ayé máa ń dà nù, ó dà á sínú òróró náà, ó wá yí sìpàgẹ́tì sí i. Ó rún búrẹ́dì gbígbẹ, ó yan án títí ó fi pọ́n, ó wọ́n ọn lé orí rẹ̀. Òórùn ààyù gba gbọ̀ngàn kan, àwọn ọmọ tó ń sunkún sì dákẹ́ láti gbọ́ òórùn.

Kò sí fọ́ọ̀kì, ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé gbójú sókè, wọ́n ń sọ sìpàgẹ́tì sílẹ̀ sẹ́nu láti òkè. Ọmọbìnrin kan gun bẹ́ǹṣì kí tirẹ̀ lè rí ààyè. Bàbá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé fa tirẹ̀ wọ ẹnu, ìpẹ̀kun rẹ̀ gbá a nímú, ìyàwó rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn káàkiri gbọ̀ngàn. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú wọn, wọn kò sì fi ọwọ́ nù ún nítorí òróró wà lọ́wọ́ wọn.

Títí di òní ni Adéníkẹ́ ń sọ ọ́ pé, "Oúnjẹ yẹn dùn o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìjà inú ẹ̀ pọ̀ ju ẹja inú ẹ̀ lọ."

George Fáṣínà ni orúkọ tí àwọn òbí Bàbá Ítálì mọ̀ ọ́n sí. Ìhà Ọ̀yọ́ ni ó ti wá sí Èkó nígbà èwe, ó rí iṣẹ́ alágbàṣe lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń la títì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò mọ ṣọ́bìrì í dì mú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ó ti bá òyìnbó Ítálì kan tí ń jẹ́ Kalójẹ́rò pàdé, ẹni tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ oúnjẹ kò bá dé, yóò kàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò mú ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, gbogbo àgọ́ òṣìṣẹ́ yóò sì yó kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Fáṣínà lo ọdún mọ́kànlá lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo èdè Ítálì tí ó sì kó bọ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, nítorí pé ìbáwí nìkan ni Kalójẹ́rò máa ń fi èdè náà sọ fún un.

Ìgbà tí iṣẹ́ títì parí, ó gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Ìkòsì, ó ń dáná ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ kan ní Kétu títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí Kalójẹ́rò fi lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń padà sí Ítálì ni aago pupa kékeré yẹn, irú èyí tí a máa ń yí, tí yóò sì dún nígbà tí ìṣẹ́jú bá pé. Ó ń gbé e kiri nínú àpò agbádá, àpò ṣòkòtò, àpò pijáámà. Nínú èrò Fáṣínà, ohunkóhun tó bá gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láyé yìí ti ń jóná.

Ó fi èyí han ìjọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan. Pásítọ̀ ń wàásù lórí sùúrù, ó ti ń lọ sí orí kẹta, ni aago bá dún gan-an-ran láti ìjókòó kejì. Pásítọ̀ dúró. Ìjọ yí ojú sí Fáṣínà.

"Ẹ má bínú, sà," ni Fáṣínà wí, ó dìde dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ó ti jinná. Tí ẹ bá tún fi í sílẹ̀, á máa rọ̀ ni."

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwàásù kò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì ra ohun mímu fún Bàbá Ítálì.

Kò sí ibi tí ìjà rẹ̀ kì í dé. Bó bá dé ọjà Mile 12, àwọn tó ń ta ààyù ti mọ̀ pé òwúrọ̀ ti bàjẹ́. Yóò mú ààyù kan, yóò gbé e sétí, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò tún gbé òmíràn.

Mọ̀lá kan, ọmọ Haúsá tó ń ta ààyù níbẹ̀, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Baba, kí ló ń sọ fún ọ?"

"Ó ní òun ti dàgbà jù, òun ti gbẹ nínú."

"Kai! Ìwọ náà ti dàgbà, Baba, ṣé ènìyàn kì í kí ẹ mọ́ ni?"

Fáṣínà ra ààyù náà, ó sì di oníbàárà ọkùnrin yẹn títí ayé. Ó ní ẹni tó bá lè dá òun lóhùn kò lè ta ọjà burúkú.

Ẹni tí ó jẹ ìyà rẹ̀ jù ni Shittu, kápẹ́ńtà tó wà ní ojúlé kejì. Bàbá gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Ó fẹ́ pẹpẹ tí sìpàgẹ́tì yóò lè na tàntàn lórí rẹ̀ láìtẹ̀. Shittu mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ jáde. Bàbá ní kò wúlò, ó fa ẹyọ sìpàgẹ́tì kan yọ, ó ní òun ni kó fi wọn igi.

"Bàbá, mo ti ń ṣe kápẹ́ńtà fún ogún ọdún."

"Sìpàgẹ́tì ti ń gùn báyìí kí wọ́n tó bí ẹ. Wọ̀n ọ́n."

Shittu wọ̀n ọ́n. Nígbà tó fẹ́ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí igi, sìpàgẹ́tì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá Ítálì wọ ilé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá Shittu sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó sì máa mú ẹyọ mìíràn wá, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé e.

Àwọn ènìyàn máa ń bi í pé kí ló wà nínú gígùn yìí gan-an. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Ẹni tó ṣe é ló mọ ìdí tó fi gùn. Ṣé tí wọ́n bá bí ọmọ yín ní ẹsẹ̀ gígùn, ẹ máa gé e kó lè wọ bẹ́ẹ̀dì ni?" Bí ó bá ti sọ báyìí, kò sí ìyá tó máa ń fẹ́ bá a jiyàn mọ́.

Àfi ìyàwó rẹ̀.

Rùkáyátù ni orúkọ ìyàwó náà, aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí máṣíìnì débi pé àwọn oníbàárà máa ń wá láti Ọ̀jọ́ta. Mùsùlùmí ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ Kìrìsítẹ́nì, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Ọ̀rọ̀ sìpàgẹ́tì ló ń dá a sílẹ̀. Mẹ́ta ni Rùkáyátù máa ń ṣẹ́ tirẹ̀ sí. Yóò sè é títí yóò fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, yóò da omi rẹ̀ nù, yóò fi omi tútù ṣàn án, yóò wá da ọbẹ̀ ata tó ní pọ̀nmọ́ lé e lórí. Bó bá ti ń ṣe èyí, ọkọ rẹ̀ a jáde lọ dúró lójú títì kí ó má bàa rí i.

"Rùkáyátù, tọ́ tèmi wò lẹ́ẹ̀kan péré."

"Bàbá Ajarat, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jẹ okùn bàtà. Oúnjẹ tí kò ní ọbẹ̀, ṣé oúnjẹ ni?"

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ajarat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, dàgbà sáàárín ìkòkò méjì, ó ń jẹ ti bàbá lọ́sàn-án, ó ń jẹ ti ìyá lálẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni èwo ló dùn jù. Ọgbọ́n yìí ló fi rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá, ó sì lọ ń gbé ní ẹ́sítéètì kan tó ní géètì.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ba àwàdà jẹ́. Rùkáyátù wà lórí máṣíìnì ní ọjọ́ Tuesday kan, ó ń rán ẹ̀wù ọmọ iléèwé, ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí aṣọ, kò sì lè gbé e mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, ó padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá àti ojú tó fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ènìyàn dúpẹ́ pé ó padà wálé. Nígbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé kò jẹun mọ́.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó sọ fún bàbá àti ọmọ pé, "Ọ̀fun Mama ò ní wàhálà kankan, wọ́n lè gbé oúnjẹ mì dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá jẹun, wọn ò ní lágbára láti ṣe exercise. Tí wọn ò bá ṣe exercise, ẹ lè pàdánù wọn. Ọwọ́ yín ló kù sí."

Ajarat gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó se ẹ̀kọ, ó po kọ́sítáádì, ó se ìrẹsì tó rọ̀ bí àkàsù, ó se ọbẹ̀ ẹja. Yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, yóò fi ṣíbí bù ú, yóò ní, "Mummy, ẹ la ẹnu díẹ̀." Rùkáyátù yóò gba ṣíbí méjì, yóò pa ẹnu dé, yóò ní, "Mo ti yó." Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ṣíbí méjì di ọ̀kan. Egungun ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Nínú àdúgbò, àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé náà.

"Ó kan èmi báyìí," ni Bàbá Ítálì wí.

Ó dáná ní ọjọ́ náà bí ẹni tí Kalójẹ́rò dúró tì. Ààyù, òróró, ata díẹ̀, tìmáàtì inú agolo, sádíìnì, búrẹ́dì yíyan. Ó wé sìpàgẹ́tì gígùn náà róbótó sínú àwo tó dára jù nínú ilé, ó gbé fọ́ọ̀kì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. Rùkáyátù wo àwo náà pẹ́. Bóyá àánú ọkọ rẹ̀ ló ṣe é, ó fi ọwọ́ òsì mú fọ́ọ̀kì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mọ́kàndínlógójì.

Sìpàgẹ́tì yọ̀ bọ́. Ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀ bọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé ìdajì ọ̀nà, ó sì já lu àyà rẹ̀, ó fa òróró sílẹ̀ lára bùbá funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n bá yín..."

Rùkáyátù fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì yí i padà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fáṣínà gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀. Ó jókòó sí kíṣínnì fún ìgbà pípẹ́, ohun tó da Ajarat àti dókítà láàmú sì yé e níbẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ni ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́ ló kọ̀, òun tó jẹ́ pé òun ló bọ́ gbogbo ilé. Ẹni tó bá gbéraga ló máa ń tètè rí ìgbéraga ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó gbéraga tó Bàbá Ítálì ní gbogbo Kosọ́fẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Shittu ń kọjá lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ ìró kan láti kíṣínnì: kà, kà, kà. Ó yọjú lójú fèrèsé.

Bàbá Ítálì jókòó sórí àpótí, abọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń mú sìpàgẹ́tì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, ó sì ń ṣẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó gùn ju ohun tó lè wọ inú ṣíbí lọ. Omi wà lójú rẹ̀.

"Bàbá?"

"Ààyù ló ń ta mí lójú."

"Ààyù kì í ta ojú, sà."

"Ti Mile 12 ń ta ojú. Kí lo ń wá?"

Shittu kò lè gbójú kúrò lára abọ́. "Ẹ ò bá kúkú bu ẹ̀kún ọwọ́, kí ẹ ṣẹ́ ẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí máa pẹ́ o."

"Tí mo bá ṣẹ́ ẹ pọ̀, kò ní dọ́gba. Tí mo bá máa dá ẹ̀ṣẹ̀, mo máa dá a dáadáa." Ó ṣẹ́ òmíràn. "Shittu, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti ìwọ, ó parí."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún, sà?"

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Kétu.

Fáṣínà se é. Kò sè é bíi ti Kalójẹ́rò mọ́, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un kó lè rọ̀. Ó gbé e sínú abọ́ jíjìn tí etí rẹ̀ dúró, kí ṣíbí lè rí ibi tì. Ó gbé e síwájú Rùkáyátù pẹ̀lú ṣíbí ní apá òsì, ó ní kí Ajarat lọ ra ìṣáná, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣáná wà nílé. Òun fúnra rẹ̀ gbé àga lọ síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ojú títì bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ohùn Rùkáyátù jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó wúwo lẹ́nu.

"Bàbá Ajarat."

"Ẹn."

"Ta ló ṣẹ́ ẹ?"

Fáṣínà kò yíjú padà. "Eku ni."

Ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀, ó rò pé ẹkún ni. Ó yíjú padà. Rùkáyátù ń rẹ́rìn-ín. Apá kan ojú rẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi apá kan náà rẹ́ ẹ dójú àmì, èjìká rẹ̀ ń mì, ṣíbí ń mì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bu oúnjẹ, ó gbé e sẹ́nu fúnra rẹ̀, kò sì dà á sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún bù ú.

"Kò láta tó," ló wí.

Oṣù kan gbáko nìyí tí kò tíì ráhùn nípa oúnjẹ kankan. Ẹni tó lè bínú sí ata ti ń padà bọ̀ wá sáyé. Bàbá Ítálì sáré lọ mú ata wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá tábìlì lulẹ̀. Nígbà tí Ajarat dé pẹ̀lú ìṣáná, abọ́ ti mọ́, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sì ń jà gidigidi lórí bóyá tìmáàtì inú agolo lè rọ́pò ọbẹ̀. Ajarat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sunkún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Fáṣínà ń jókòó sórí àpótí rẹ̀ lóròòwúrọ̀, ó ń ṣẹ́ sìpàgẹ́tì ìyàwó rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Agbára wọ ara Rùkáyátù, ó bẹ̀rẹ̀ exercise, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn dé ilé Shittu, ó rìn dé ojú títì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Bàbá Ítálì yí padà o. Bí ó bá rí ẹlòmíràn tó gbé sìpàgẹ́tì sórí orúnkún, igbe rẹ̀ kò dín kù. Adéníkẹ́ bá a wí lójúkojú pé, "Daddy, ṣebí ẹ̀yin náà ti ń ṣẹ́ ẹ báyìí." Bàbá ní, "Ìyàwó mi ni mò ń ṣẹ́ ẹ fún. Ṣé ìwọ náà ni ìyàwó mi?"

Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé báyìí, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì sọ pé ìgbà yẹn ni ìfẹ́ wọn dùn jù. Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Saturday, Bàbá Ítálì fẹ̀yìn ti àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀, kò sì jí mọ́. Kò ṣàìsàn, kò dààmú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe nǹkan tó pẹ́ rárá.

Gbogbo wa ní Ìkòsì sọ ohun kan náà níbi ìsìnkú, a sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: Ìyá Ajarat kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. A ti rí bó ṣe kọjú sí ògiri rí. Ta ni yóò tún mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà? Ajarat bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ó ní rárá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wá máa sùn ti í, ó ní kí ó lọ sílé rẹ̀, kí òun rí ààyè dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí àwọn àlejò ti túká, Ajarat gbé kúlà oúnjẹ mẹ́ta sínú ọkọ̀, ó wá sí Ìkòsì ní ìyálẹ̀ta. Ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ó tún kàn án. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, pálọ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀dì ṣófo, ó sì kígbe, "Mummy!"

"Kí ló dé tí ò ń pariwo?"

Rùkáyátù wà ní kíṣínnì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara tábìlì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ọwọ́ òsì ro sìpàgẹ́tì nínú ìkòkò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí kò tíì di nǹkan kan mú láti ọjọ́ Tuesday yẹn, wà lára etí ìkòkò, ó rọra dì í mú kí ó má yí. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí. Òórùn ààyù gba gbogbo ilé.

"Mummy, kí lẹ ń ṣe?"

"Ebi ń pa mí."

Ajarat dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣínnì. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wo kúlà mẹ́ta tó gbé mọ́ àyà, ó sì mọ ohun tó gbé ọmọ rẹ̀ wá.

"Ọdún méjì ni bàbá rẹ fi jókòó sórí àpótí yẹn kí n lè dá jẹun," ló wí. "Ṣé kí n wá fi ebi pa ara mi lẹ́yìn rẹ̀ ni? Kí n wá ní kí ló pa mí nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Gbé kúlà yẹn sílẹ̀, jàre. Mú àwo wá."

Ajarat mú àwo méjì wá. Rùkáyátù bu ti ọmọ rẹ̀ fún un, ó bu tirẹ̀, ó jókòó, ó sì jẹun títí àwo fi mọ́.